Ọjọ́ Mẹ́rin Létíkun Brighton

Ọjọ́bọ̀

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin wa gbéra ní ibùdókọ̀ Victoria ní Lọ́ńdọ̀n, èmi àti Màmá mi. Oṣù Kọkànlá la wà, òtútù ti ń mú, àwọn tó máa ń rọ́ lọ sétí òkun nígbà ooru ti padà sílé wọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan àsìkò náà ni. Ìlú apẹja ni Brighton kó tó di ìlú fàájì, mo sì fẹ́ fojú ara mi rí ohun tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ tó kọ́kọ́ bọ́ ìlú náà. Ní ti Màmá, ìtàn Àìná, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn tó ṣègbéyàwó níbẹ̀ ní 1862, ló jẹ́ kí wọ́n gbà láti bá mi lọ. Mo ti ń sọ ìtàn náà fún wọn láti bí ọdún méjì.

Lójú ọ̀nà, ọkọ̀ gba orí afárá gíga kan tó dá Odò Ouse kọjá. Ihò róbótó 37 ló wà lábẹ́ rẹ̀, bí ẹnu ọ̀nà ààfin tí wọ́n tò tẹ̀léra, bíríkì tí wọ́n fi mọ ọ́n sì tó mílíọ̀nù 11. Ọdún 1841 ni ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ ti Lọ́ńdọ̀n dé Brighton. Àtìgbà náà ni ẹni tí kì í ṣe ọlọ́lá ti lè lọ wòkun láàárọ̀ kó sì padà sùn sílé rẹ̀ lálẹ́. Màmá bojú wo ìsàlẹ̀ láti ojú fèrèsé.

"Torí kí èèyàn lè lọ wẹ̀ lókun ni wọ́n ṣe ṣe gbogbo èyí?"

"Òun gan-an ni, Mà."

Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé.

Téèyàn bá jáde ní ibùdókọ̀ Brighton, títì kan ṣoṣo ló dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, òkun ló sì wà nídìí rẹ̀. Orúnkún ń dun Màmá, nítorí náà takisí la wọ̀. Ilé ìtura tí a gba yàrá sí ti sọ fún mi lórí fóònù pé ìsàlẹ̀ ni yàrá wa wà, àmọ́ nígbà tí a débẹ̀, àkàbà mẹ́ta la gùn. Ó dùn mí gan-an. Ní gbogbo ìdúró wa, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Màmá lè máa sọ̀ kalẹ̀ lóòjọ́.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ la dé etí omi. Kò sí iyanrìn níbẹ̀. Òkúta róbótó ló kún gbogbo etíkun, òmíràn tó ẹyin adìyẹ, òmíràn tó ìkúùkù. Bí ìgbì bá ti ń fà sẹ́yìn, á wọ́ àwọn òkúta náà dání, wọ́n á sì máa dún rárárárá bí ìgbà tí èèyàn bá ń da ẹ̀wà sínú agbada. Mo ti dé etíkun púpọ̀, mi ò gbọ́ irú ìró yẹn rí. Lápá òsì wa ni Palace Pier wà, afárá fàájì tó ti nà wọ inú òkun láti 1899, ó gùn tó mítà 525, gbogbo iná rẹ̀ sì ń tàn yòò bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó wà lórí rẹ̀ ò tó ogún. Òkun ń ru. Màmá di ìborùn wọn mú, wọ́n ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, ta ló ń wa ọkọ̀ lórí irú omi báyìí? Mo sọ fún wọn pé nínú ìwé tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ka ilẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1086, ẹja ṣáwá 4,000 ni wọ́n kọ sílẹ̀ bí owó orí ilẹ̀ níbí.

Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, àga onírin, ilé ìtura, ṣọ́ọ̀bù áísìkirimù tó ti ti ilẹ̀kùn.

"Níbo ni àwọn apẹja náà wá wà?"

Mi ò rí èsì fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ Ẹtì

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní aago méje ààbọ̀ kí Màmá tó jí. Ẹ̀gbẹ́ afárá ni mo ti rí àwọn àgbà obìnrin mẹ́rin tí wọ́n bọ́ kóòtù sílẹ̀ lórí òkúta, tí wọ́n sì rìn wọ omi tààrà láìsáré, láìpariwo. Omi tútù tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan tí mo kì bọ̀ ọ́ ni mo yára fà padà. Ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ ìlú yìí ti wà láti 1860, ojoojúmọ́ ni àwọn kan lára wọn sì máa ń wọ omi, ìbáà ṣe nígbà òtútù.

Àwọn obìnrin yẹn rán mi létí Dókítà Richard Russell, ará Lewes, ìlú tí kò jìnnà síbí. Ní 1750 ló kọ ìwé kan lédè Látìnì pé omi òkun ń wo àrùn kókó ara sàn. Kì í ṣe kéèyàn fi wẹ̀ nìkan o, ó ní kí aláìsàn máa mu ún pẹ̀lú. Ní 1753 ó kó wá sí Brighton, ó kọ́ ilé ńlá létí òkun, àwọn olówó sì ń tẹ̀ lé e wá. Ìlú tó ti ń kú lọ ló bá. Àwọn ará Faransé ti dáná sun ún ní 1514. Nígbà tó ṣe, ìjì ọdún 1703 àti ti 1705 gbé àwọn ilé apẹja tó wà nísàlẹ̀, létí omi gan-an, lọ pátápátá. Òkun tó ń bọ́ wọn náà ló wó ilé wọn. Ká ní Russell ò dé ni, bóyá abúlé kékeré ni Brighton ì bá jẹ́ lónìí. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mi ò sì lè bínú sí i.

Ohun tó bí mi nínú ni ti Old Steine. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, èmi àti Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan níbẹ̀. Àárín ìlú ló wà, koríko tútù, orísun omi, mọ́tò tó ń yí i ká. Ilẹ̀ gbogbo ìlú ni nígbà kan. Ibẹ̀ ni àwọn apẹja ti ń sá àwọ̀n, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún un ṣe, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń wọ́ ọkọ̀ wọn gòkè sí nígbà ìjì. Nígbà tí àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé, pàápàá lẹ́yìn tí ọmọ ọba tó padà di George Kẹrin wá síbí ní 1783, ilẹ̀ ọ̀hún ni wọ́n fẹ́ máa nasẹ̀ sí nírọ̀lẹ́. Àwọ̀n sì ń kọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gba ilẹ̀ náà, wọ́n gbin koríko sí i, wọ́n fi irin yí i ká. Èèyàn lè wo koríko yẹn kó ní ó rẹwà, ó sì rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ mo jókòó níbẹ̀, mi ò rí àmì kankan nítòsí mi tó sọ fún ẹni tó ń kọjá pé ibi iṣẹ́ èèyàn ni.

Màmá ní, "Wọn ò lé wọn. Ilẹ̀ ni wọ́n kàn gbà."

Láti ibẹ̀ a rọra rìn lọ sí The Lanes. Bí ìlú apẹja ṣe rí gan-an nìyí, ọ̀nà tóóró tí èèyàn méjì ò lè fi ìrọ̀rùn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó ń kọ́lọ kọ̀lọ. Twitten ni àwọn ará Sussex ń pe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Òkúta etíkun ni wọ́n fi mọ ògiri mìíràn, Màmá ń fọwọ́ kàn án bí wọ́n ṣe ń lọ. Ilé tó jẹ́ ti apẹja nígbà kan ti di ṣọ́ọ̀bù góòlù báyìí, òrùka ìgbéyàwó ni wọ́n ń tà lójú fèrèsé lọ bẹẹrẹ. A ò pẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí a pẹ́ sí ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn apẹja, lábẹ́ títì etíkun, nínú àwọn yàrá tí òkè wọn rí róbótó tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ọ̀nà. Ọ̀fẹ́ ni. Láti 1994 ló ti wà. Ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Sussex Maid ló gba àárín rẹ̀, igi ni, ikùn rẹ̀ gbòòrò, ìdí rẹ̀ sì tẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Brighton ò ní èbúté. Kò sí odò, kò sí ibi tí omi ti rọ̀ tí ọkọ̀ lè sá wọ̀ sí. Orí òkúta yẹn ni wọ́n ń wa ọkọ̀ gùn, tí wọ́n á sì fi okùn àti ẹ̀rọ ayípo fà á gòkè, kí ìgbì tó tún dé. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ bá mú á dojú dé níbẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ọkọ̀ yẹn ti mọ bí etíkun náà ṣe le tó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Etíkun náà ni wọ́n ti ń ta ẹja títí di 1960. Àwòrán ọjà náà wà lára ògiri, ẹja nílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn oníbàárà dúró yí i ká, Màmá sì dúró síwájú ẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n ní àwọn mọ ojú obìnrin kan níbẹ̀, bó ṣe fọwọ́ sí ìbàdí bí ẹni tí iye tí wọ́n dá lé ẹja rẹ̀ kò tẹ́ lọ́rùn.

Lójú tèmi, Martha Gunn ni ẹni tó yẹ kí gbogbo àlejò béèrè nípa rẹ̀. Nígbà tí àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí í wá wẹ̀, wọn ò mọ bí a ṣe ń wọ òkun, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Yàrá onígi kékeré tó ní àgbá kẹ̀kẹ́ lẹ́sẹ̀ ni ẹṣin ń fà wọ omi, aláìsàn á bọ́ aṣọ nínú rẹ̀, obìnrin alágbára kan á sì gbá a mú, á rì í bọ omi, á tún gbé e jáde. Iṣẹ́ àwọn obìnrin etíkun nìyẹn, Martha Gunn sì lorúkọ ẹ̀ là jù. Ó ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó kú ní 1815. Àwọn ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ìpẹja gbé àlejò ṣeré lórí omi. Nítorí náà, àwọn tó mọ òkun ló kọ́ àwọn àlejò bí a ṣe ń wọ̀ ọ́. Ọwọ́ wọn ni fàájì ìlú yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Òjò ló jí wa. A wọ Royal Pavilion, ààfin tí ọmọ ọba ọjọ́sí kọ́. Láti 1787 ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, àmọ́ John Nash ló sọ ọ́ di bó ṣe rí yìí láàárín 1815 sí 1822: òrùlé rẹ̀ rí bí ti Índíà, inú rẹ̀ rí bí ti Ṣáínà. Nínú gbọ̀ngàn oúnjẹ, dírágónì kan fi èékánná gbá iná dígí mú lókè, iná náà wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Mo wò ó, mo sì kọjá. Ohun tó dá Màmá dúró ni ilé ìdáná. Òpó irin gíga ló gbé òkè rẹ̀ ró, wọ́n sì fi bàbà ṣe imọ̀ ọ̀pẹ sórí àwọn òpó náà.

"Ọ̀pẹ nílé ìdáná ọba òyìnbó," ni Màmá wí, wọ́n sì gbójú sókè wò ó títí ọrùn fi ro wọ́n.

Láti òpin 1914 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1916, ilé ìwòsàn ni ààfin yìí jẹ́ fún àwọn ọmọ ogun Índíà tó fara gbọgbẹ́ ní Faransé. Ilé ìdáná mẹ́sàn-án ni wọ́n ṣe fún wọn, kí olúkúlùkù lè jẹun bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe fẹ́.

Ọbabìnrin Victoria ò fẹ́ràn ààfin náà, èrò pọ̀ jù yí i ká. Ní 1850 ìlú rà á, owó rẹ̀ lé ní 50,000 pọ́n-ùn. Oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà ni wọ́n mú ọmọbìnrin kékeré kan láti ilẹ̀ Yorùbá wá síwájú rẹ̀ ní Windsor. Mo sọ ọ́ fún Màmá nígbà tí a jáde, wọ́n ní ká fi ti Àìná sílẹ̀ di ọ̀la, ojúmọ́ ẹja ni ti òní.

Bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 7 la wọ̀ lọ sí Marina, ìlà oòrùn ìlú. Èbúté tí Brighton ò ní láti àtètèkọ́ṣe nìyí, ògiri kọnkéré ni wọ́n fi ṣe é, ọdún 1979 ni Ọbabìnrin Elizabeth ṣí i. Ọkọ̀ fàájì funfun ló kún ibẹ̀, àìmọye, gbogbo wọn ní òpó gíga, atẹ́gùn sì ń fi okùn lu àwọn òpó náà gbàngàn gbàngàn. A rìn, a sinmi, a tún rìn. Lẹ́yìn náà ni òórùn dé sí wa nímú, kí ojú wa tó rí ohunkóhun. Òórùn ẹja àti epo mọ́tò. Màmá yára ju bí mo ṣe rí wọn látàárọ̀ lọ.

Àwọn ọkọ̀ ìpẹja náà ò pọ̀. Wọ́n kéré, ara wọn ti họ, wọ́n so wọ́n mọ́ ara wọn ní apá kan bí ẹni pé kí wọ́n má dí àwọn yòókù lọ́wọ́. Ike tí wọ́n fi ń mú ìgbín òkun wà létí omi ní òkìtì òkìtì, iṣẹ́ ìgèrè gan-an ni wọ́n ń ṣe: a fi oúnjẹ sínú rẹ̀, ìgbín á wọlé, kò ní mọ̀nà àbájáde. Ọkùnrin kan tó lé ní ọgọ́ta ọdún jókòó lórí àpótí, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo kí i, mo sì bi í bóyá Màmá lè wo iṣẹ́ rẹ̀. Ó fa àpótí mìíràn wá fún wọn.

Bí wọ́n ṣe jókòó síra wọn fún bí wákàtí kan nìyẹn, tí mo ń túmọ̀. Ó ní òun máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ bí atẹ́gùn bá gbà fún un, ọ̀sẹ̀ mìíràn sì wà tí òun ò ní jáde rárá. Ó ní ìgbín òkun tí òun ń mú, ilẹ̀ Kòríà ni wọ́n ń kó púpọ̀ rẹ̀ lọ, àwọn ará ìlú fúnra wọn ò jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí lórí òkúta etíkun, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi okùn fa ọkọ̀. Màmá bi í bóyá ọmọ rẹ̀ ń ṣe é. Ó mi orí, kò fi ọ̀rọ̀ kún un. Màmá náà ò bi í mọ́.

Nígbà tí a dìde, ó wọ inú ọkọ̀, ó gbé ẹja ṣáwá mẹ́rin jáde, ó dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú yìnyín. Ẹja òru ọjọ́ náà ni. Màmá mú pọ́ọ̀sì jáde, ó ní rárá. Wọ́n tún na owó sí i, ó tún ní rárá. Ni Màmá bá gbá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Sọ fún un pé òkun ò ní gbé e lọ. Àwọ̀n rẹ̀ ò ní ya. Bó ṣe ń lọ ni yóò máa bọ̀."

Mo túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe lè ṣe é. Ọkùnrin náà ṣí fìlà lórí, ó sì tẹ orí ba.

Ilé ìtura bá wa fi ẹja náà sínú fíríìjì. Mo tún jáde lọ wo West Pier, afárá fàájì mìíràn, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọdún 1866 ni wọ́n ṣí i, wọ́n tì í ní 1975, iná jó o lẹ́ẹ̀mejì ní 2003, egungun irin rẹ̀ nìkan ló dúró sínú omi báyìí. Àwọn ẹyẹ dúdú kéékèèké tí wọ́n ń pè ní starling ń fò yí i ká lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n ń fẹ̀, wọ́n ń sún, bí èéfín tí ẹnì kan ń fi ọwọ́ dárà. Wọ́n ṣubú sórí irin náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú ọ̀run sì ṣófo.

Ọjọ́ Àìkú

Ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas wà lórí òkè, nítòsí ibùdókọ̀. Nicholas ni ẹni mímọ́ tí àwọn awakọ̀ òkun ń ké pè, àwọn apẹja tó bá sì wà lórí omi lè máa wo ilé gogoro rẹ̀ láti mọ ibi tí ilé wà. A dé nígbà tí ìsìn àárọ̀ parí. Ìyá kan nínú ìjọ fún Màmá ní tíì, ó sì fi ibú omi ìrìbọmi hàn wá, òkúta tí wọ́n gbẹ́ láti bí ọdún 800 sẹ́yìn.

Ibojì Martha Gunn wà níta. Phoebe Hessel náà wà níbẹ̀, obìnrin tó ti fìgbà kan wọṣọ ológun bí ọkùnrin, tó padà wá fẹ́ apẹja ará ìlú yìí, tó kú ní 1821 lẹ́ni ọdún 108. Sake Dean Mahomed, ọmọ Índíà tó mú ìwẹ̀ olóoru àti ìfọwọ́ra wá sí Brighton, náà sinmi síbẹ̀. Koríko tutù, a rọra ń tẹ̀ ẹ́.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni Màmá ti jókòó, wọ́n ní kí n sọ ìtàn náà fún àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i, níbi tó ti ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́. Ọmọ bí ọdún márùn-ún ni Àìná nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ja Òkè-Ọ̀dàn ní 1848, tí wọ́n pa òbí rẹ̀, tí wọ́n sì mú un lọ. Ní 1850, Gezo, ọba Dàhòmì, fi í ta ọ̀gá ọkọ̀ òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, lọ́rẹ láti gbé e fún Ọbabìnrin Victoria. Forbes fi orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ sọ ọ́: Sarah Forbes Bonetta. Ọbabìnrin sọ ọ́ di ọmọ ìsàmì rẹ̀, ó sì sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Èkó tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ní òun fẹ́ fi í ṣaya. Kò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Brighton, sílé kan ní Clifton Hill, ibi tí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí, kò sì dùn mọ́ ọn níbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹjọ 1862, wọ́n so wọ́n pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí.

"Ta ló bi í léèrè?" Ohùn Màmá lọ sílẹ̀. "Láti Òkè-Ọ̀dàn títí dé ibí, ta ló bi ọmọ yẹn léèrè ohun tó fẹ́?"

Mi ò dá wọn lóhùn. Mo sọ èyí tó kù: ó bá ọkọ rẹ̀ padà sí Èkó, ó bímọ, Victoria lorúkọ àkọ́bí rẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á ní erékùṣù Madeira ní 1880. Davies sì gbé òpó ìrántí dìde fún un ní Ìjọn, nínú oko rẹ̀.

Màmá dìde, wọ́n rìn lọ síwájú pẹpẹ, ibi tí mo rò pé ìyàwó á ti dúró sí. Wọ́n pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń pe ọmọ tó wà ní yàrá kejì. Àìná. Àìná o. Àìná. Ìyá tó fún wa ní tíì gbójú sókè, kò sọ nǹkan kan.

Aago mẹ́ta la wọ ọkọ̀ padà. Ọ̀rá ẹja wà lẹ́sẹ̀ Màmá, yìnyín ti ń yọ́, òórùn rẹ̀ sì ti gba gbogbo ibi tí a jókòó sí. Ọmọdébìnrin kan lódìkejì wa fi ọwọ́ bo imú, ó bi ìyá rẹ̀ pé kí ló ń rùn. Ojú ti ìyá náà. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, Màmá tọ́ mi lápá.

"Sọ fún un pé ẹja Brighton ni."